Kọ́ọ̀pù Mi àti Òṣùwọ̀n Tí O Fi Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ láàárín èrò kò ní tòògbé. Ìyá rẹ ń kí ẹ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ èmi kò rí ìdí jókòó láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí lọ wo inú ààrò, bẹ́ẹ̀ kò sí búrẹ́dì kankan níbẹ̀.

Òṣùwọ̀n oníbátìrì tí o fi ránṣẹ́ ló fà á. O mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ kí n máa ṣe búrẹ́dì fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ní àfi kí n kọ iye gíráàmù fuláwà àti ṣúgà sínú ìwé, kí n sì gbé búrẹ́dì tí mo fi ìwé náà ṣe wá lọ́jọ́bọ̀. Mo ní kó má dààmú, kọ́ọ̀pù mẹ́wàá fuláwà ni, kọ́ọ̀pù kan ṣúgà. Ó ní kọ́ọ̀pù ta ni? Èmi tí mo fi kọ́ọ̀pù onírin kan ṣoṣo, tí etí rẹ̀ ti já, kọ́lé, tí mo fi rán ọ lọ sílé ìwé, tí èmi gan-an kò sì ju kíláàsì mẹ́ta lọ!

Mo gbé kọ́ọ̀pù lé òṣùwọ̀n náà, ó ka nọ́ńbà. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, ó ní òdo. Òdo! Mo kìlọ̀ fún un, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ní òdo, nígbà tó yá ó pajú dé, ó sùn. Ìyá rẹ ní kò bú kọ́ọ̀pù mi, ó kàn fojú fò ó kó lè wọn ohun inú rẹ̀ ni, kí n jí i, kí n bu omi kún inú kọ́ọ̀pù. Omi jẹ́ àádọ́talérúgba gíráàmù. Mo ní ó tán, kọ́ọ̀pù kan náà, ẹnu kan náà, kí ló tún kù? Mo kọ àádọ́talérúgba síwájú kọ́ọ̀pù fuláwà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ síwájú ṣúgà, mo fi òṣùwọ̀n wọn iye tí ìwé yẹn wí, mo sì fi po búrẹ́dì.

Ọmọ mi, ọ̀bẹ kọ̀ ọ́. Bíríkìlà tó ń tún ògiri ẹ̀yìn wa ṣe bèèrè pé ṣé mo lè ṣe ogún sí i fún òun.

Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní òwú àti òkúta kì í wúwo bákan náà, ká tiẹ̀ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà, kí n wọn fuláwà fúnra rẹ̀. Mo bù ú gègèlè, mo fọwọ́ kì í mọ́lẹ̀, torí èmi kì í ṣe ahun. Ó jẹ́ ogóje. Mo tún bù ú, ó jẹ́ ọgọ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọgọ́jọ. Mo ní irọ́ ni òṣùwọ̀n yìí ń pa. Ìyá rẹ gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó rọra bù ú, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Márùndínláàádóje. Ó bù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò yí padà.

Ọgbọ̀n ọdún nìyí tí mo ti ń po, tí mo ń yan, tí mo ń tà, tí wọ́n kọ Ọ̀gá Oníbúrẹ́dì sára ògiri fún mi. Ìyá rẹ ló ń wọn fuláwà láràárọ̀ kí n tó jí. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni mo fi sílẹ̀ fún un.

Ó wọn ṣúgà náà, nọ́ńbà rẹ̀ la kọ, búrẹ́dì sì rí bó ṣe máa ń rí. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mú bírò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá mo nà án sí ìyá rẹ. Ó ní fuláwà wà lọ́wọ́ òun. Mo bu omi fún un, ó fọwọ́, ó sì fọwọ́ sí i.

Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì òṣùwọ̀n ránṣẹ́, torí ó ti ń sùn jù. Má fi ránṣẹ́ sí mi o, ìyá rẹ ni kí o fi ránṣẹ́ sí, òun ló mọ ìwọ̀n nǹkan. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò wú, kò ní jó, ìwọ̀n rẹ kò sì ní dín láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
ọkọ Ọ̀gá Oníbúrẹ́dì.