Ẹ Kú Ọ̀nà Kọ́, Ẹ Kú Oko Ni

Bàbá mi tí ọkàn mi ń fà sí,

Ara mi ò balẹ̀ láti àná, ayọ̀ ni. Mo ru iṣu wọ Ògbómọ̀ṣọ́, oníbodè kò sì mú ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹrù ọjà ló ń san owó bodè, ẹrù oko kì í san. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta tí mo padà wálé, gbogbo ìgbà tí mo bá ń ti oko yín bọ̀ ni ọkùnrin yìí ń mú iṣu tó dára jù nínú ẹrù mi. Iṣu náà kọ́ ló dùn mí. Ó ń sọ mí di àlejò nílùú tí ẹ bí mi sí, àwọn ọmọ mi sì ń wò mí.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Ẹ kú ọ̀nà o.” Èmi á ní, “Oòo.” Á wá yíjú sí àwọn tó jókòó tì í: “Ẹ ò gbọ́? Arìnrìn-àjò ni, ẹrù ọjà ló rù. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́.”

Ibi tí mo ti ń kọ ebè ni mo ti rántí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń nà mí bí n kò bá dáhùn ìkíni àgbà, ẹ kì í dá oníbodè lóhùn rárá. Ojú máa ń tì mí nígbà náà; mo rò pé agídí ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?

Lánàá, ó kí mi bí ìṣe rẹ̀. Mo dúró, n kò fọhùn. Ó tún kí mi. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín: “Baba oníbodè, ọ̀nà wo lẹ ń kí i sí? Àbí oko baba rẹ̀ ti di Ìlọrin?”

Mo ní, “Ẹrù oko ni, Baba. Oko baba mi ni mo ti ń bọ̀.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára iṣu. Ó wò mí títí, ó gbọ́wọ́ kúrò, ó ní, “Ẹ kú oko.” Mo dá a lóhùn sókè débi pé ewúrẹ́ sá.

Ṣé mo rí àgbà fín? Ṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀? Mo ṣì ń rò ó.

Lọ́la, Àbẹ̀ní ọmọ mi á bá mi lọ sóko. Mo ti sọ ìkíni tí yóò dáhùn fún un, àti èyí tí kò ní dáhùn. N kò fẹ́ kó dìgbà tí mo bá kú, bí ẹ̀yin náà ti kú, kó tó yé e.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í ṣe àlejò.