Ẹnu Tí Wọ́n Yá Màmá Byeon

Ọjọ́ Ajé, 3 Bélú

Aláǹgbá tún pè. Ọ̀gbẹ́ni Gwak lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun ni máníjà ilé-iṣẹ́ ìsìnkú tó gbéṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n kò sóhun téèyàn sọ tí kì í mi orí sókè-sódò sí, bí ẹni gbà. Aláǹgbá ni lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ náà dára. Kí n ya fọ́tò àwọn arúgbó orí òkè Seosan lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́tò tí wọn yóò gbé síwájú pósí wọn lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Inú àwọn arúgbó dùn. Wọ́n kun ètè, wọ́n ṣe irun.

Aláǹgbá ní kí n fi fáìlì gidi ránṣẹ́, láìkọ nǹkan kan sí i lára. Ọ̀gá àgbà wọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní rárá. Kékeré ni mo fi ránṣẹ́, mo sì kọ orúkọ mi gba ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan kọjá. Tí a bá fọwọ́ síwèé tán, wọn yóò gba gidi. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Seon, ṣé olè la jọ lójú yín ni?"

Ọjọ́rú, 5 Bélú

Aláǹgbá ò pè. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Bélú

Olè ni wọ́n lóòótọ́.

Màmá Byeon, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí mo yà, wà lára ògiri ibùdókọ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè — pósítà ìpolówó, ó ga jù mí lọ. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n lọ." Obìnrin tó wà láàyè. Obìnrin tí mo bá lánàá níbi tó ti ń bó èso gam, tó ń so wọ́n rọ̀ sábẹ́ àjà kí wọ́n gbẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí pósítà náà, ó sunkún gun òkè pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì rírọ̀ fún àwọn olókùú. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Òun ló pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ọmọ mi, wọ́n ní mo ti kú. Wá wò ó."

Mo wò ó. Orúkọ mi ti pòórá. Ẹnu ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ gbà, mo rò pé kò sí olè tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fi ẹ̀rọ pa á rẹ́, ẹ̀rọ sì ya ẹnu mìíràn dí ojú ibẹ̀. Eyín funfun, ó tò bí àgbàdo. Eyín wúrà iwájú dà? Òun gan-an ni ọkàn fọ́tò yẹn. Mo bẹ Màmá títí kó tó gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Fọ́tò tó dára jù tí mo yà lọ́dún yìí, wọ́n jí i, wọ́n tún bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17 Bélú

Mo lọ bá Aláǹgbá ní ọ́fíìsì. Orí ń lọ sókè, orí ń lọ sódò. Ó ní kò sẹ́ni tí kì í ṣe é. Ó ní Màmá fọwọ́ síwèé. Mo ní fọ́tò ìsìnkú ara rẹ̀ ló fọwọ́ sí, kì í ṣe ìpolówó. Mo bi í bóyá ìyá tirẹ̀ wà láàyè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ gbé tiwọn síbẹ̀ nígbà náà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí orí rẹ̀ dúró sójú kan.

Ọjọ́bọ̀, 20 Bélú

Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ lọ́yà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà tọrọ gáfárà, ó tẹrí ba. Mi ò fi gáfárà nìkan lọ ilé. Mo dúró sẹ́yìn Aláǹgbá. Fáìlì pósítà tó wà lórí kọ̀ǹpútà — pa á rẹ́. Ti fóònù — pa á rẹ́. Ó pe ilé ìtẹ̀wé létí mi, wọ́n pa tiwọn náà. Ó bèèrè bóyá òun lè fi ẹyọ kan pamọ́. Mo sọ pé rárá, ẹyọ kan péré pàápàá kò gbọdọ̀ kù. Wọ́n ti bó àwọn pósítà yòókù. Ti ibùdókọ̀ ló kù, àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ wá ya á dànù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo borí. Mo jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan, èmi nìkan, mo yó.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Bélú

Mo gbé fọ́tò gidi lọ fún Màmá nínú férémù, eyín wúrà ń dán. Kò gbà á. Ó ní èyí tó wà ní ibùdókọ̀ lòun fẹ́.

Mo rò pé kò yé e ni. Mo ṣàlàyé olè, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ. Ohùn mi lọ sókè. Mo ní iṣẹ́ mi ni wọ́n jí, ẹnu yín ni wọ́n bà jẹ́. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ìwọ lo fẹ́ràn eyín yẹn. Ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ́ yọ eyín mi ló fi wúrà dí i, kí ìlú lè rí i pé òun ń tọ́jú mi. Mi ò ní gbé e síwájú pósí mi."

Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ta ni mo fẹ́ lọ bá jà?

Ọjọ́ Àìkú, 23 Bélú

Àtàárọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Mo yọ wúrà, mo ya eyín. Mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Ẹnu ẹlẹ́nu ni gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ nǹkan.

Ọjọ́ Ajé, 24 Bélú

Mo fi èyí tó sàn jù nínú wọn han Màmá. Ó wò ó dáadáa, nítorí tèmi. Ó ní kì í ṣe èyí. Ó ní ti ibùdókọ̀ yẹn, bí òun ṣe rí nìyẹn kóun tó wọlé ọkọ.

Kò sì sí fáìlì rẹ̀ mọ́ láyé. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀la ni àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀.

Mo gbé omi gbígbóná àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó pósítà ibùdókọ̀ náà láti igun òkè. Ọkùnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bi mí bóyá ẹbí olóògbé ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ fìlà.

Inú ṣì ń bí mi — sí Aláǹgbá, sí ọkọ Màmá tó ti kú, sí ara mi. Irun bó. Iwájú orí bó. Nígbà tí mo dé ibi ẹnu, mo dáwọ́ dúró, mo nu ọwọ́ mi gbẹ, mo tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, kí ó má baà ya.