Bí Verl Ṣe Ń Kà

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2003
Wọ́n ti ti ilé-ìwé fún ìkórè pòtétò, gbogbo Idaho wà lóko, èmi ń lọ ṣẹ́ irin. Irin méjìlá péré ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò wa, ìkọ̀ọ̀kan kò gùn ju ìka lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wà nínú àgbá ilé iná átọ́míìkì kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbá náà. Ohun tí ìtànṣán bá ṣe sí wọn ló ṣe sí ògiri. Irin tí ìtànṣán bá ti jẹ kì í tẹ̀ mọ́. Ṣíṣẹ́ ló máa ń ṣẹ́, bí àwo tánganran. Bí wọ́n bá ṣì lágbára, ilé iná yẹn á tún ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tì í pa, kí àgbá má baà sán mọ́ ìlú tó wà nídìí rẹ̀.

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí Verl tó kọ́ mi níṣẹ́ kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ ọwọ́ irin lò.

Ìṣẹ́gun, 7
Mẹ́rin lónìí. Èmi lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn tó gígùn apá mi, ọwọ́ irin ló ń bá mi ṣe é lódìkejì — yọ ọ́ nínú omi tútù nini, gbé e kalẹ̀, kí òòlù lù ú. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bó bá pẹ́, irin á lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wá máa ṣe bí ẹni tó lágbára tí kò ní. Aago wà lára ògiri o, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì dí, ojú mi ò sì gbọdọ̀ kúrò lára irin. Ẹnu la fi ń kà. Verl ló kọ́ mi: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ìdí tí mo fi ń pè é ní Baba Ení-Èjì nìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ṣá. "Kà á bí mo ṣe ń kà á, ọmọ mi," ló máa ń wí. "Má sáré, má sì sùn."

Lónìí ẹnìkan bá mi kà. Létí òsì. Mo mọ ohùn yẹn, ti Verl ni.

Ọjọ́rú, 8
Irin kẹsàn-án yọ̀ bọ́. Mo tún un mú. Ẹ̀jọ ni mo kà dé kí òòlù tó lù ú. Òfin ni pé ká fagi lé e. Ṣùgbọ́n ó wà lára mẹ́ta tó ti ojú ibi tí wọ́n ti jó irin ògiri àgbá pọ̀ wá, kò sì sí òmíràn. Ọ̀gá Thayne béèrè látinú ẹ̀rọ pé, "Ó bọ́ sí àkókò?" Mo ní ó bọ́ sí i. Mo kọ àrún.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ohùn náà ń kà nínú bọ́ọ̀sì. Kò dúró ní àrún.

Ọjọ́ Ajé, 13
Àbájáde fi hàn pé irin náà ṣì lágbára, Thayne ń yọ̀. Ó ní, "Joleen, àbí o jí ọwọ́ Verl gbé kí wọ́n tó sin ín ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ojú ara mi tì mí.

Ẹtì, 17
Mo gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó Verl, Màmá LuDean. Ó ní ọkọ òun máa ń sọ pé èmi ò lè parọ́, ojú mi ò gbà á. Mi ò lè jẹun níbẹ̀.

Àìkú, 19
Ẹ̀jọ. Ohùn náà kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ajé, 20
Mo jẹ́wọ́ kí Thayne tó buwọ́ lu ìwé àbájáde. Kò pariwo. "Kí ló dé tó o dákẹ́ láti ọjọ́ yìí?" Mo ní, "Ẹ̀rù ni, ọ̀gá." Ó ní ká lọ wo fídíò, ká mọ iye tó jẹ́ gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 23
Irin kẹsàn-án: ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá, kì í ṣe mẹ́jọ. Thayne wo àwọn yòókù, àwọn tí mo kà ní àrún dáadáa. Méje. Gbogbo wọn. Ó dá fídíò padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ta ló kọ́ ẹ ní kíkà?" Ó lọ mú fídíò Verl ti ọdún 1994 wá. Ẹ̀yìn Verl rèé, ohùn rẹ̀ rèé, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Àrún rẹ̀ bọ́ sí méje.

Ogún ọdún ló fi kà bẹ́ẹ̀. Ilé iná mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ lórí kíkà rẹ̀. Thayne á kọ̀wé sí gbogbo wọn, orúkọ Verl á sì wà níbẹ̀. Mo rò pé òun ló ń lé mi kí n sọ òótọ́. Òótọ́ tí mo sọ ló ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹtì, 24
Mo fẹnu ara mi sọ fún Màmá LuDean. Ó jókòó, ó tẹ́ aṣọ orí tábìlì dáadáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ó mọ̀?"

Mo ní rárá. Mo wò ó lójú sọ ọ́, ó sì gbà mí gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá Verl mọ̀.