Kí Ìyá Àgbà Lè Rí Ọ

Ẹyinjú Ẹgẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń mọ́ ọ lára? Ní tiwa, a wà, a sì ń jẹun. Ìyá rẹ kí ọ, ìyá àgbà náà kí ọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ nọ́ọ̀sì tó wá kí àwọn ará ilé rẹ̀ ti jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ó ní fóònù rẹ ló bàjẹ́ tí a ò fi gbóhùn rẹ. Ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀. Ó ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lọ́la, ni mo ṣe ní kó bá mi mú lẹ́tà yìí dání.

Ìyá àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde lórí ibùsùn mọ́. Ẹsẹ̀ ló ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: "Ẹ jẹ́ kí n rí ojú ọmọ yìí. Ohùn nìkan ò tó mi. Ohùn ò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí o fi sílẹ̀ ní yàrá rẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tàn. Mo mú dísìkì tí àwa méjèèjì jọ ṣe, mo fi gbé sísítẹ́ẹ̀mù tuntun tí yóò máa darí rẹ̀ sí i. Ó tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun ní kámẹ́rà, kò sì lè wọ intanẹ́ẹ̀tì.

Dírẹ́bà ni kò sí. Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ, ó ní, "Dírẹ́bà kẹ̀? Ibo lẹ fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lọ?" Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá ṣàlàyé pé ètò kékeré tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe lo ẹ̀yà ara rẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wá èyí tó bá kámẹ́rà yẹn mu káàkiri, pàbó ló já sí. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni mo rí, ti àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Mo rántí ohun tí o máa ń sọ: "Bàbá, tí a ò bá rí ọmọ, ẹ jẹ́ ká ké sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Ìwàǹwára ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Mo kó gbogbo wọn sínú dísìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dé inú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń du iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ni ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn. Mo jókòó tì í, mo ń wo àga rẹ tó ṣófo. Ká ní o wà níbẹ̀ ni, wàá ti fi ẹ̀rín sọ pé, "Tótó, bàbá mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà."

Mo tún dísìkì náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dán an wò. Ti ẹ̀gbọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ti àbúrò tó tẹ̀ lé e ló gbà, iná kámẹ́rà sì tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe rí èyí tó jọ ti intanẹ́ẹ̀tì.

Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà. Ó rí ojú ara rẹ̀, ó wò ó sùn-ùn, ó ní, "Ẹ kú ilé o, ìyá." Nígbà tí ìyá rẹ sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni, ó fọwọ́ pa iwájú orí. Ó wá ní, "Ṣé bí mo ṣe gbó tó nìyí? Ẹ sọ fún ọmọ náà kó má pẹ́."

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́, á de gèlè rẹ̀ tó mọ́, á ní ká gbé kọ̀ǹpútà náà síwájú òun. Bí ìyá rẹ bá ní fóònù rẹ ò tíì dára, á ní òun mọ̀, òun kàn fẹ́ kí o bá òun níbẹ̀ ni.

Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bí o bá rí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni yá níbi iṣẹ́, pè wá. Ìyá àgbà ni mo fi ń bojú. Èmi gan-an fẹ́ rí ọ. Ṣọ́ọ̀bù ti dákẹ́ jù.

Kí ojú rere máa pàdé rẹ níbikíbi tí o bá wọ̀. Kí àárẹ̀ má ṣe ọ́ lájò. Ọ̀nà tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ padà bá wa láyọ̀, wàá sì bá gbogbo wa nílé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ.

Àfikún: Ìyá àgbà ní kí n kọ ọ́ síbí pé kí o jẹun dáadáa kí o tó pè. Ó ní bí egungun ọrùn rẹ bá yọ, òun máa rí i.