Kóòṣì Tí Inú Rẹ̀ Dùn sí Ọ̀mì

Àkọ́bí mi, ọmọ mi àtàtà, kóòṣì àgbà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí oòrùn tó ń pa ọ́ lórí pápá. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ ti jí, àbí ó ṣì ń sùn? Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti borí ẹnikẹ́ni, òun náà ni yóò gbé ọ dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń borí. Àwa níhìn-ín kò ṣàìsàn. Orúnkún bàbá rẹ máa ń dùn ún tí iṣẹ́ bá délẹ̀, ó sì máa ń san tí oúnjẹ bá délẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan ló já, mo fi okùn so ó, ó wá ń ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n ó ń rán. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò. Ewúrẹ́ gan-an bímọ méjì, akọ ni méjèèjì, a kò rí abo kankan níbẹ̀, síbẹ̀ bàbá rẹ ní inú òun dùn. Mo wá rí i pé inú àwọn ará ilé yìí máa ń tètè dùn jù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi, mo ń ṣẹ́tí ṣòkòtò olùkọ́ kan, ni obìnrin tó ń ṣáájì fóònù fún gbogbo àdúgbò bá já wọlé, ó ní kí n wá wo ọmọ mi nínú fóònù. Mo wò, ìwọ ni lóòótọ́. O dúró níwájú ògiri kan tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí, o dé fìlà bo iwájú orí, ẹnì kan wá na nǹkan dúdú kan sí ọ lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ fún ọmọ ní oògùn. Wọ́n bi ọ́ pé báwo ni eré ṣe parí. O ní ọ̀mì ni. Wọ́n ní báwo ló ṣe rí lára rẹ. O rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ hàn, o ní inú rẹ dùn, o ní ìtẹ́lọ́rùn. Mo ní kí oníṣáájì dá a padà sẹ́yìn, bóyá mi ò gbọ́ dáadáa. Ó dá a padà, o tún sọ ọ́. Mo ní kó dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n fún ọ láyè kí o ronú. Ìwọ olórí kunkun, ọ̀rọ̀ kan náà ni o tún sọ.

Mo wá bèèrè pé ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ṣe eré kíríkẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin. Háà! Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Ẹ wọ funfun lórí ilẹ̀ tó ní ẹrẹ̀, ẹ dúró nínú oòrùn, ẹ dá eré dúró kí ẹ lè jẹun, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tún dá a dúró kí ẹ lè mu tíì, ilẹ̀ ṣú, ẹ lọ sùn, ilẹ̀ mọ́, ẹ padà wá, ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín rẹ̀ ẹ kò na ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì nà yín. Bí mo bá gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó tì í, tí mo wá sọ fún un pé kò tíì di ẹ̀wù o, ṣùgbọ́n kò ya, nítorí náà inú mi dùn, ṣé yóò kí mi kú iṣẹ́? Abẹ́rẹ́ mi ni yóò fi gún mi.

Kí n má baà parọ́ mọ́ ọ, mo fojú ara mi wo kíríkẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn méjì mú pátákó lọ́wọ́, wọ́n ń sáré pàdé ara wọn, wọ́n sì ń kọjá ara wọn láìkíra, èyí dé ibi tí ìyẹn ti kúrò, ìyẹn dé ibi tí èyí ti kúrò, wọ́n tún ń padà. Mo ní kí ló dé tí kálukú kò kúkú jókòó síbi tó wà láti àárọ̀. Àwọn tó kù fọ́n ká orí pápá, wọ́n tẹ̀ba bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sínú koríko. Ọ̀kan nínú wọn ń fi bọ́ọ̀lù pupa nu ṣòkòtò funfun, mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń fọ̀ ọ́. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó dé fìlà ńlá, kò sáré, kò gbá nǹkan kan, ó kàn ń gbọnrí, wọ́n ní òun ni rẹfirí. Iṣẹ́ yẹn ni kí o bá bàbá rẹ wá, orúnkún rẹ̀ yóò gbà á.

Lábẹ́ àwòrán rẹ, èrò pọ̀ lọ súà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n lé ọ dànù. Òmíràn ní ìyá ìyá rẹ ì bá mọ̀ ọ́n kọ́ jù ọ́ lọ. Mo ní kí oníṣáájì bá mi tẹ̀ ẹ́ sí wọn pé ìyá mi ti kú, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, àti pé mo kí wọn o, kí wọ́n bá mi kí àwọn ará ilé wọn. Ẹnikẹ́ni kò kí mi padà. Kò sí ẹ̀kọ́ ilé nínú fóònù rárá.

Mi ò bá fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, àfi bí ọkọ rẹ ṣe pe bàbá rẹ lọ́jọ́ kejì. Ó ní alága ẹgbẹ́ yín ń bínú, ó ní òun kò gba kóòṣì kí inú rẹ̀ lè máa dùn sí ọ̀mì, ó ní ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó, àfàìmọ̀ ni wọn kò fi ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ rẹ ló sọ ọ́ o, ìwọ kò sọ ọ́. Ó dùn mí dé egungun. Èmi tí mo rí ọ láti kékeré tí o ń fi rúlà onígi mi gbá ọsàn káàkiri ẹ̀yìnkùlé, tí o fi ṣẹ́ mẹ́ta, tí mo nà ọ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé èmi ni mi ò mọ̀ pé bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀mí rẹ ni wọ́n gbà? Bàbá rẹ ní ohun tí o ṣe dára, pé ẹni tí wọn kò nà níjà, ilé ló ń lọ ní àlàáfíà. Mo ní kó dákẹ́, òun tó ti ń bá orúnkún jà láti ọjọ́ pípẹ́, orúnkún kò borí, òun náà kò borí.

O mọ̀ pé bí ọmọ-iṣẹ́ bá ṣẹ ọ̀gá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń lọ bẹ̀bẹ̀. Bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ, kí n tó pariwo tán, ìyá wọn ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo bá ní kí ọkọ rẹ fún mi ní nọ́ńbà alága. Ó kọ́kọ́ ń lọ́ tìkọ̀, ó ní kò bójú mu, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú ńlá, mo ní èwo ni kò bójú mu, òun tí kò lè la ẹnu kan bẹ̀bẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó fún mi. Oníṣáájì fi ibì kan hàn mí pé kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí n máa sọ̀rọ̀, kí n má gbé ìka kúrò, ohùn mi yóò dé ọ̀dọ̀ alága. Mo gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo da gèlè borí, mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ mi wà lókè níbi fóònù, orúnkún mi wà lórí sìmẹ́ǹtì, kí alága lè rí i kedere pé mo kúnlẹ̀.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, bàbá alága, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ bá mi wí i, ṣùgbọ́n ẹ má lé e. Mo ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, bí mo ṣe bí i nìyẹn, inú rẹ̀ ló máa ń tètè dùn. Kó lè gbà mí gbọ́, mo kó ẹ̀rí sílẹ̀. Mo ní ìgbà tó wà nílé-ìwé, ipò kẹsàn-án ló gbé, ó jó wọlé. Mo ní ìgbà tó fẹ́ lọ́kọ, àwọn mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọ̀kan níwà, ọ̀kan níṣẹ́, ó wá mú ẹ̀kẹta, tí kò burú tí kò sì dára, ọ̀mì pátápátá, mo bi í pé ṣé ó dá a lójú, ó ní inú òun dùn. Mo ní ẹ má rò pé mi ò kọ́ ọ o, láti kékeré ni mi ò ti yìn ín rí, kí orí rẹ̀ má baà wú. Tó bá gbálẹ̀, mo máa ń fi ìka wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá fọ abọ́, mo máa ń tún un fọ̀ níwájú rẹ̀. Tó bá gba ẹ̀bùn wálé, mo máa ń bi í pé ta ló gba èyí tó tóbi jù ú lọ. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Mo ní kí alága bá mi fi tirẹ̀ kún un, bóyá á gbọ́.

Ó di ọjọ́ kejì kí alága tó pè mí. Fúnra rẹ̀ ni o, kì í ṣe pé ó rán èèyàn. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ṣe díẹ̀ kó tó ráyè sọ̀rọ̀. Ó wá là á yé mi pé ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, gbogbo àwọn tó mọ pátákó í gbá nínú ẹgbẹ́ rẹ ti jáde kúrò nínú eré tán, ó ku ọmọbìnrin méjì péré, ìka ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ́, wọ́n di báńdéèjì mọ́ ọn. Bí bọ́ọ̀lù bá fi lè kan igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn pẹ́nrẹ́n, ẹgbẹ́ rẹ ti fìdí rẹmi nìyẹn. O sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá ògo kankan, kí wọ́n kàn máa dá bọ́ọ̀lù dúró títí oòrùn yóò fi wọ̀, nítorí bí àkókò bá tán kí wọ́n tó jáde, ọ̀mì ni. Ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Alága ní òun fúnra òun kò fojú rí i, inú ti bí òun, òun ti lọ sílé láti ọ̀sán nítorí òun rò pé ó ti parí. Mo ní ẹ̀yin ti lọ sílé? Mo ní bàbá, oníbàárà tí kò dúró kí n fi tépù wọ̀n ọ́n, kì í padà wá bínú pé ẹ̀wù kò gba òun.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Ó ní, “Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ ẹnu yín, tí ẹnu yín kò sì borí rẹ̀, mi ò lè bá a jà lórí ọ̀mì. Ẹ fi ọkàn balẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni. Mo sọ fún bàbá rẹ pé alága yin ọ̀nà tí mo gbà tọ́ ọ. Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde rìn láìrántí orúnkún rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Mo wá ní kí oníṣáájì bá mi wá ibi tí ọmọ oníbáńdéèjì yẹn wà nínú fóònù. Wọ́n sọ bọ́ọ̀lù sí i, ó fi pátákó bò ó, bọ́ọ̀lù kú sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún sọ ọ́, ó tún kú. Mo ti la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá rí ìwọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, o káwọ́ sẹ́yìn, ẹnu rẹ ń mì, mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni o ń gbà. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ṣòkòtò olùkọ́ bọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí arúgbó onífìlà yẹn tú àwọn igi náà ká pé ó ti tó, tí ọmọ yẹn wá jókòó sórí koríko tó bú sẹ́kún, omi bọ́ lójú èmi náà. Iná fóònù ló mọ́lẹ̀ jù. Inú mi kò dùn o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ mi.

Ìmọ̀ràn mi ni pé tí wọ́n bá tún na nǹkan dúdú yẹn sí ọ lẹ́nu lẹ́yìn ọ̀mì, lejú. Sọ fún wọn pé o ń bínú. Tí o bá délé, ti ilẹ̀kùn, kí inú rẹ wá dùn bó bá ṣe wù ọ́.

Jọ̀ọ́, rántí bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi, rántí páànù yàrá ẹ̀yìn, kí o sì fi nǹkan díẹ̀ lé e fún àtijẹ. Má fi sí báǹkì. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, obìnrin kan tó ń gbé inú fóònù wọn ní kí n tẹ oókan, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n tẹ eéjì, mo tẹ̀ ẹ́, mo wá kí i, mo bi í pé kí ló ń wá gan-an, kò dáhùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Ó ti rẹ obìnrin yẹn. Kó o rán ọkọ rẹ wá, ó kúkú jókòó ni.

Oòrùn kò ní pa ọ́ lórí pápá. Bọ́ọ̀lù kò ní bà ọ́ lójú. Ẹnu àwọn èrò inú fóònù kò ní mú ọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o borí gbogbo wọn. Bí kò bá sì tíì yá tí wàá borí, kí Ó ṣáà má jẹ́ kí wọ́n borí rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí inú rẹ̀ kò tíì dùn.