Ẹni Tó Dìde fún Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Karùn-ún 1978
Àwọn ọmọ ogun Faransé bọ́ sí ìlú ìwakùsà Kolwezi láti ojú ọ̀run lánàá. Rédíò ní wọ́n ń tú àwọn òyìnbó tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ká mọ́ sílẹ̀. Mo la ojú ewé sí méjì bí mo ṣe ń ṣe fún kíláàsì mi. Èrè: ẹ̀mí tó yè. Àdánù: òkú aráàlú tí rédíò kò kà.
Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi béèrè bóyá wọ́n máa kó àwọn ọmọ ogun tiwa náà lọ. Mo mọ ẹni tó ní lọ́kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹfà
Abẹ́rẹ́ ń lọ. Olúbáyọ̀ ni a ń pè bẹ́ẹ̀ — nọ́ọ̀sì ológun, ẹni tí ìbá fẹ́ ìyàwó mi ká ní mi ò tètè dé láti Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn oníṣègùn ni ìjọba ilẹ̀ tí a ń gbé yìí fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Shaba, agbègbè tí Kolwezi wà. Ó wá dágbére, ó jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní atíékè yó. Mo bi í bóyá ogun yìí tọ̀nà.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn. Ẹni tí ọta bà ni wọ́n máa gbé wá bá mi. Mi ò ní bi í pé ẹ̀yìn ta ló wà."
Ìdáhùn tó dáa. Inú bí mi.

Ọjọ́ Ìsinmi, 18 oṣù Kẹfà
Nínú ìjọ wa ní Koumassi, tí ẹnì kan bá rìnrìn àjò ewu, ará ilé rẹ̀ ní láti dìde ní ipò rẹ̀ kí wọ́n tó gbàdúrà fún un. Wọ́n ti lé àwọn òbí Abẹ́rẹ́ kúrò nílùú yìí lọ́dún 1958, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn àjèjì. Kò ní ará ilé kankan níbí. Pásítọ̀ béèrè ẹni tó máa dìde. Morẹ́nikẹ́ ti ń tún gèlè rẹ̀ ṣe. Mo dìde ṣáájú rẹ̀.
Ìyá Micheline, tó jókòó lẹ́yìn wa, tẹ̀ mí léjìká: "Tíṣà, inú yín mọ́ o."

Ọjọ́ Ajé, 19
Morẹ́nikẹ́ gbé oúnjẹ mi sílẹ̀, ó sì lọ jẹ tirẹ̀ níta.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Keje
Èrè: ìbọn dákẹ́. Àdánù: àjèjì ń ṣọ́ ìlú, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó fa ọ̀tẹ̀. Mo kà á sí Morẹ́nikẹ́ létí.
"Ẹ ń wọ̀n ọ́n bí ẹran," ló wí. "Olúbáyọ̀ wà níbẹ̀."
Kò pe orúkọ tèmi báyẹn rí.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Keje
Pásítọ̀ wá. Ọkọ̀ àwọn oníṣègùn wa kan dojú dé ní Shaba. Nọ́ọ̀sì kan kú. Wọn ò tíì dárúkọ. Bárékè ní kí ará ilé Olúbáyọ̀ kan wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹnì kan péré.
"Èmi ni kí n lọ," ni Morẹ́nikẹ́ wí.
"Tíṣà ló dìde fún un," ni Pásítọ̀ dáhùn.
Morẹ́nikẹ́ ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi. "Tí ẹ bá ti gbọ́, ẹ má yà síbì kankan."
Mo ṣí ojú ewé tí mo là sí méjì. Abẹ́ àdánù ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí. Abẹ́ èrè ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ.
Mo pa á rẹ́.
Nọ́ọ̀sì kan, Shaba. Orúkọ kò tíì dájú.