Ilẹ̀kùn Tó Sẹ́ Ọ̀gá Wa

                                        Ilé Búrẹ́dì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ nígbà tí a jọ ń po ìyẹ̀fun níbí, ṣé ó ti sinmi? Ara tèmi le, àfi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Ọ̀gá wa tún ti ra nǹkan. O rántí aago ọwọ́ tó ń sọ fún un pé ó ti rìn, bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè jẹ́rìí? Èyí ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀kùn ni. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Dígí kékeré kan ló ń wo ojú èèyàn. Bó bá mọ̀ ọ́, á ṣí. Bí kò bá mọ̀ ọ́, wàá dúró síta bí ewúrẹ́ aládùúgbò. Ajá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, egungun lásán ló sì ń gbà. Ìyàwó ọ̀gá ní kí wọ́n fi ojú tòun náà hàn án. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ olóye kì í wo ojú tí ìyẹ̀fun ti bò; ojú tirẹ̀ nìkan ló fi hàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, búrẹ́dì àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú ààrò, gbogbo wa jáde lọ já àpò ìyẹ̀fun nínú ọkọ̀. Atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn tí ọ̀gá ti ṣí sílẹ̀ fún wa láti alẹ́ àná dé. A ránṣẹ́ pe ọ̀gá nílé. Eyín ti dá a lóró mọ́jú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà rẹ̀ pọ̀ jù. Ó gbé ojú síwájú dígí.

Ohùn obìnrin kan dáhùn láti ara ilẹ̀kùn: "A kò mọ̀ yín."

Ó bọ́ fìlà. "A kò mọ̀ yín." Ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú sínú, síbẹ̀ kò ṣí.

"Èmi ni mo rà ọ́!" ló ké, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èéfín ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó pe ẹni tó tà á fún un. Onítọ̀hún ní kó lọ sinmi, kó padà wá bí ojú rẹ̀ bá ti rí bíi tàná.

Ìyàwó ọ̀gá bọ́ síwájú. Ó gbé òkúta, ó fọ́ fèrèsé, ó ká aṣọ sókè, ó gbabẹ̀ wọlé. Kó tó pa iná, búrẹ́dì ti di èédú. Tíì lásán làwọn ọmọ yẹn mu lọ sí kíláàsì. Ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín.

Káfíńtà ti wá yọ ilẹ̀kùn olóye náà, ó fi ti pákó rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú àgádágodo. Ọrùn ìyàwó ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ wà. Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá tí kì í kí ẹnikẹ́ni dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹríba: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa."

Ìyá wa ní kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Tìrẹ ṣì ni mí,
Apòyẹ̀fun.